Omi Gbígbóná Ìyá Ọkọ Làtífátù

Làtífátù kì í ṣe ẹni tó ń pariwo. Láti ìgbà tí òun àti Jẹ̀lílì ọkọ rẹ̀ ti kó wá sí ilé wa ní Ìgbògbò, ìró ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ la máa ń gbọ́ ju ohùn rẹ̀ lọ. Ará Ìwó ni àwọn méjèèjì. Ọkọ ń wa kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ sí gáréèjì Ìkòròdú, ìyàwó ń rán aṣọ àwọn ọmọ iléèwé níwájú yàrá wọn. Tí o bá bú u, á rẹ́rìn-ín. Tí o bá yìn ín, á tún rẹ́rìn-ín. Èmi Ìyá Dùnsìn, tí mò ń ta omi inú ọ̀rá lẹ́nu ọ̀nà ilé kan náà, mi ò mọ irú ìyẹn í ṣe. Ohun tó bá wà lọ́kàn mi, ẹnu mi ló ń gbà jáde.

Nígbà tó wà nínú oyún, gbogbo ilé ló ń ṣàdúrà fún un pé a ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ. A gbọ́ ohùn àwọn méjèèjì lóòótọ́, àmọ́ abẹ ló bá wa ṣe é. Ó rọbí títí, ọmọ ò sọ̀ kalẹ̀, ni àwọn dókítà ní Ìkòròdú bá ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n sì gbé ọmọbìnrin kan tó mókun jáde. Mo lọ kí i lọ́sibítù. Mo ní ó kú ewu, ewu iná kì í pa àwòdì. Ó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló di ọwọ́ mi mú, ó bẹ̀ mí pé kí n má jẹ́ kí ìyá ọkọ òun gbọ́ pé wọ́n la òun.

Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní ìyàwó ẹ̀gbọ́n Jẹ̀lílì náà ti bímọ nípasẹ̀ iṣẹ́ abẹ rí, gbogbo àdúgbò ní Ìwó ni ìyá náà sì sọ fún pé ìyàwó yẹn ò ní sùúrù, kò lè mú ìrọbí mọ́ra. Màmá Ìwó yìí kì í ṣe ìkà o. Òun ló ń tọ́jú àwọn ọlọ́mọ tuntun ní àdúgbò rẹ̀. Á rẹ aṣọ ìnura sínú omi gbígbóná, á fún un, á fi tẹ ikùn ọlọ́mọ títí ẹ̀jẹ̀ tó kù nínú yóò fi jáde, á wá ní kó jókòó lé omi gbígbóná. Iṣẹ́ tó ń fi yangàn nìyẹn. Jẹ̀lílì mọ èyí dáadáa, síbẹ̀ òun ló gbé fóònù tó sọ fún ìyá rẹ̀ pé ìyàwó òun ti bí wẹ́rẹ́. Ọkùnrin! Ẹni tó pa irọ́ náà ò ní ikùn tí wọ́n máa tẹ̀.

Màmá Ìwó ní òun á dé lọ́jọ́ Jímọ̀. Làtífátù sì ti pinnu pé òun gbọ́dọ̀ ti délé kí ìyá náà tó dé. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, wọ́n ti fi rọ́bà sí i lára tó ń fa ìtọ̀ rẹ̀ sínú àpò kan. Nígbà tí wọ́n yọ rọ́bà náà, Nọ́ọ̀sì Ajíbọ́lá gbé abọ́ fún un, ó ní kó máa tọ̀ síbẹ̀ kí àwọn lè mọ̀ bóyá àpò ìtọ̀ rẹ̀ ti jí. Ẹ̀kán ni, ẹ̀kán ni ìtọ̀ náà ń jáde. Àmọ́ ó sọ fún wọn pé òun ti tọ̀ dáadáa, òun kàn gbàgbé abọ́ ni. Wọ́n gbà á gbọ́. Ta ló máa fura sí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín?

Bí wọ́n ṣe dé ilé báyìí ni ìyá náà wọlé dé, pẹ̀lú ìgò àgbo, ọṣẹ dúdú, àti kẹ́tù àlùwàlá tí kì í fi sílẹ̀ níbi tó bá ń lọ. Ó gbé ọmọ, ó ṣàdúrà títí, ó wá kọjú sí Làtífátù. Ó ní, ìyàwó mi, o kú ewu ọmọ. Lẹ́yìn náà ló gbé omi kaná.

Lọ́jọ́ yẹn, Làtífátù yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ó ní òun ti wẹ̀. Ó ní oorun ń kun òun. Ìtọ̀ ń ro sí i lára, ìró tó ró mọ́ra ò gbẹ, ó wá rò ó lọ́kàn ara rẹ̀ pé tí òun ò bá mu omi, á dáwọ́ dúró. Èmi tí mò ń ta omi gbé omi lọ fún un, ó dá a padà fún mi. Inú bí mi. Mi ò mọ̀ pé ìtọ̀ ló kún inú rẹ̀ dẹ́nu, pé àkúnwọ́sílẹ̀ rẹ̀ ló ń ro jáde.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Màmá Ìwó fọwọ́ kan ikùn rẹ̀ látorí ìró. Ó ní ikùn náà ga lábẹ́ ìdodo bíi ti olóyún, pé ẹ̀jẹ̀ dídì ló kù síbẹ̀, òun á sì fún un jáde lónìí bó bá fẹ́ bó kọ̀. Ó pè mí pé kí n wá bá òun di ọwọ́ rẹ̀ mú, torí àwọn ọlọ́mọ mìíràn máa ń jà. Mo wọlé. Làtífátù nà gbalaja lórí ẹní, ó di kókó ìró rẹ̀ mú, òógùn bo ojú rẹ̀. Ìyá náà fún aṣọ ìnura, èéfín ń tú lára rẹ̀. Mo ti ṣèlérí pé mi ò ní sọ, àmọ́ irú ìlérí wo nìyẹn? Mo ti la ẹnu nígbà tí Làtífátù di ọrùn ọwọ́ ìyá ọkọ rẹ̀ mú.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tẹ̀ ẹ́. Wọ́n là mí ni. Mi ò sì lè tọ̀."

Ó tú ìró. Ìyá náà rí báńdéèjì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ojú egbò. Ó ju aṣọ ìnura sínú omi, ó dìde, ó lọ jókòó sórí àga mi níta. Nígbà tó yá, ó bi mí bóyá gbogbo ilé ló mọ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní òun nìkan wá ni àlejò. Lẹ́yìn náà ló pe ọmọ rẹ̀ pé kó gbé kẹ̀kẹ́ wá kíákíá.

Ní ọsibítù, wọ́n dá rọ́bà padà. Ìtọ̀ tó dà jáde pọ̀ ju ohun tí mo rò pé ikùn èèyàn lè gbà lọ. Kò sí ẹ̀jẹ̀ dídì kankan níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì Ajíbọ́lá ò pariwo. Ó ní ká ní wọ́n fi agbára tẹ ikùn yẹn ni, egbò lè là, àpò ìtọ̀ náà sì lè bàjẹ́. Màmá Ìwó béèrè pé ṣé omi gbígbóná ò dára mọ́ nìyẹn. Nọ́ọ̀sì ní omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ dára, títẹ̀ ni kí wọ́n má tẹ̀. Ó ní kí wọ́n gbé àgbo tì ná, kí Làtífátù máa mu omi dáadáa, torí òǹgbẹ kì í wo àpò ìtọ̀ sàn. Tí wọ́n bá yọ rọ́bà, kó jókòó dáadáa, kó tẹ̀ síwájú díẹ̀, kí wọ́n da omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sí i lójú ara; ìró omi náà tún máa ń ran àwọn mìíràn lọ́wọ́. Tó bá yá, á kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fún ìdí pọ̀ tí wọ́n tún ń dẹ̀ ẹ́, kí ìtọ̀ má bàa máa ro. Àmọ́ ìrànlọ́wọ́ ni gbogbo èyí, ó ní, tí ìtọ̀ bá kọ̀ tí kò wá, rọ́bà náà la ó padà sí.

Pẹ̀lú rọ́bà náà lára rẹ̀ ni wọ́n gbé e wálé. Màmá Ìwó ń sè, ó ń wẹ ọmọ, ó ń gbé omi fún Làtífátù mu, ó ń dúró tì í títí á fi mu ún tán. Àmọ́ kò bá a sọ̀rọ̀ kọjá gba, mu, sùn. Tí àwọn èèyàn bá wá kí ọlọ́mọ, á bọ́ síta. Èyí dun Làtífátù ju rọ́bà lọ. Ó sọ fún mi pé ìyá náà ò tíì kí òun láti ìgbà tó ti rí egbò, pé ó dájú pé òun náà ti di obìnrin tí kò ní sùúrù nìyẹn. Mo ní kó fi ọ̀rọ̀ ìyẹn sílẹ̀, kó kọ́kọ́ tọ̀ ná.

Ọjọ́ tí wọ́n yọ rọ́bà náà, wọ́n ní kó má kúrò lọ́sibítù títí á fi tọ̀. Mo bá wọn lọ, èmi ni mo pọn ọmọ. Làtífátù wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ṣan ara rẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ, ó jókòó lé abọ́. Màmá Ìwó bẹ̀rẹ̀ sẹ́nu ilẹ̀kùn, ó gbé kẹ́tù àlùwàlá rẹ̀ sókè, ó ń da omi inú rẹ̀ sínú bàsíà díẹ̀díẹ̀. Omi tán. Ó tún un bù. Ó ń dà á. Kò sí nǹkan kan. Ó tún un bù. Àwọn èèyàn ń kọjá, wọ́n ń wò wá bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú, mo sì fi ojú lé wọn lọ.

Omi inú kẹ́tù tún tán. Àmọ́ ìró omi ò dákẹ́.

Màmá Ìwó gbé kẹ́tù dúró lókè, ó ń gbọ́. Inú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni ìró náà ti ń wá, kò já, ó ń lọ gbọọrọ. Ó rọra gbé kẹ́tù sílẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé ilẹ̀kùn.

"Làtífátù," ó ní. Kò pè é ní ìyàwó. "O kú ewu. Èyí tí mo kọ́kọ́ kí ọ, mi ò mọ ewu tí mò ń sọ."

Làtífátù tó ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo nǹkan bú sẹ́kún níbi tó jókòó sí.