Fúláwà Inú Ike Ọ̀dà

Ìwó ni wọ́n ti bí Fàlílátù, tí gbogbo wa nínú ilé ń pè ní Ìyá Lateefah. Ó ti pẹ́ tí ó ti gba yàrá kan nínú ilé wa lójú ọ̀nà Ìbẹ̀ṣẹ̀, níbi tí ó ti ń yan ẹja tà. Nígbà kan tí ó lọ ra ẹja ní Ẹ̀pẹ́, ó rí fúláwà ẹlẹ́gùn-ún kan lára ògiri, pupa fòò. Ó tọrọ ẹ̀ka kan, ó gbé e wálé.

Kò tíì gbẹ́ ilẹ̀ tí Bàbá Sàlàkọ́, onílé wa, fi dá a dúró.

“Ìyá Lateefah, gbin ẹ̀fọ́, gbin ata. Ohun tó máa ń pẹ́ nílẹ̀, ayálégbé kì í gbìn ín. Lọ́la, o ó ní ilẹ̀ ti di tìẹ.”

Ìyá Lateefah wá ike ọ̀dà kan tó ti ṣófo, ó lu ihò sí ìdí rẹ̀ kí omi lè máa jò, ó sì gbin fúláwà náà sínú rẹ̀.

“Ẹ̀yin lẹ ni ilẹ̀, Bàbá. Èmi ni mo ni ike.”

Fúláwà náà fi ẹ̀gún kọ́ ara ògiri títí ó fi dé òrùlé. Ìyá Lateefah kì í bomi rin ín púpọ̀. Ó ní bí omi bá pọ̀ jù, ewé lásán ni yóò máa yọ. Nígbà tó yá, “ilé Ìyá Lateefah” ni àwọn ọlọ́kadà ń pe ilé Bàbá. Mo rò pé èyí gan-an ló bí i nínú.

Ní Sátidé kan, Bàbá ti ike náà. Kò mì. Gbòǹgbò ti gba ihò ìdí rẹ̀ wọlẹ̀.

“Ẹ wá wo ohun tí mo wí! Ó ti wọnú ilẹ̀ mi! Tèmi ni wàyí, màá sì hú u dànù.”

“Bàbá, ẹ kúkú gbowó ilé lọ́wọ́ gbòǹgbò,” ni Ìyá Ṣìmí, ayálégbé bíi tiwa, wí nídìí aṣọ tó ń fọ̀. A rẹ́rìn-ín.

Ìyá Lateefah kò rẹ́rìn-ín. Ó mú ọ̀bẹ ẹja, ó kúnlẹ̀, ó sì ń gé gbòǹgbò náà lábẹ́ ike.

“Ó máa kú o!” ni Ìyá Ṣìmí kígbe.

“Tó bá kú, inú ike mi ló máa kú sí. Bàbá, èyí tó wà nílẹ̀ ni tiyín. Ẹ máa hú u.”

Ó gbé ike náà sórí búlọ́ọ̀kù méjì. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ewé rẹ̀ ti rọ. Ó gé gbogbo ẹ̀ka rẹ̀ kúrú, ṣùgbọ́n kò da ọ̀kankan nù. Ó wá àwọn ike mìíràn, ó gbin àwọn ẹ̀ka náà sínú wọn, ó sì to àwọn ike náà sórí búlọ́ọ̀kù níwájú yàrá rẹ̀.

Ní òwúrọ̀, Bàbá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wo abẹ́ àwọn ike náà lọ́kọ̀ọ̀kan, bóyá gbòǹgbò kan tún ti wọlẹ̀. Ìyá Lateefah dúró tì í, ó káwọ́ lé àyà, títí Bàbá fi nàró.