Orin Kẹfà Nínú Àwo Abigail

Abigail kì í gbọ́ ti ẹnikẹ́ni. Nígbà tí mo ní kó yọ orin kẹfà kúrò nínú àwo rẹ̀, nínú sítúdíò kótópó kan ní Lásùnwọ̀n, ohun tó sọ fún mi ni pé, "Festus, gìtá ni kó o máa ta."

Ẹja ló ń yan tà ní Ìjẹ̀dẹ́, ọmọ Ìlàjẹ tí wọ́n bí sí etí ọ̀sà. Ìdí ààrò ló ti máa ń ronú orin. Ojú rẹ̀ á ṣomi, ẹ ò sì ní mọ̀ bóyá èéfín ló fà á tàbí orin. Lọ́dún 2006, ó ní òun fẹ́ ṣe àwo tirẹ̀, ohùn òun àti gìtá mi nìkan, láìsí ìlù, láìsí kíbọ́ọ̀dù. Ẹni tó ni sítúdíò rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́.

Orin kẹfà yẹn ló ń bà mí lẹ́rù. Ó dá lórí Tẹ́milọ́rùn, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ọkọ̀ dà nù sínú ọ̀sà lọ́dún 2001. Bàbá wọn, Bàbá Akínlolú, ló tún ọkọ̀ náà ṣe: wọ́n fi òwú dí ibi tó ń jò, wọ́n fi ọ̀dà kùn ún. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lórí ilẹ̀ nínú oòrùn títí ọ̀dà á fi gbẹ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ omi á wọ inú ẹ̀. Láti ọdún márùn-ún ni bàbá ti ń sọ pé àwọn ní kí ọmọ náà dúró, kò dúró. Àmọ́ Abigail wà níbẹ̀. Ó gbọ́ tí bàbá ní kí Tẹ́milọ́rùn máa lọ, pé ẹja ò ní dúró de ọ̀dà, ohun tó sì fi kọrin nìyẹn.

Mo ní, "Kì í ṣe gbogbo òótọ́ là ń sọ. Bàbá ẹ á kọ̀ ẹ́ lọ́mọ."

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ti pe bùrọ̀dá mi lólóríkunkun tó. Òkú ò lè gbèjà ara ẹ̀."

Ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan, ọ̀gbẹ́ni Mojúbàolú tó máa ń yẹ àwo tuntun wò lórí rédíò mú ti Abigail. Gbogbo wa wà nídìí ààrò, bàbá ń tún àwọ̀n ṣe. Wọn ò tíì gbọ́ orin náà rí. Abigail ò lè yí ẹja mọ́.

Ọkùnrin yẹn ò ṣàánú wa. Ó ní orin wa falẹ̀, ó ní gìtá mi ń wọ́ ẹsẹ̀. Inú bí mi, mi ò ní purọ́. Ó wá fi orin kẹfà sí i. Ọwọ́ bàbá dúró lórí àwọ̀n títí orin fi tán.

"Èyí ló dùn jù," ni Mojúbàolú wí, "àmọ́ irọ́ wà ńbẹ̀. Bàbá wo ló máa rán ọmọ ẹ̀ lọ nínú ọkọ̀ tí ọ̀dà ẹ̀ ò tíì gbẹ? Obìnrin yìí kàn fẹ́ ká sunkún ni. Ẹ pè wá, kẹ́ ẹ sọ tiyín." Ó ka nọ́ńbà wọn lẹ́ẹ̀mejì.

Bàbá dìde. Mo rò pé igi ìdáná ni wọ́n fẹ́ fà yọ láti fi nà án. Wọ́n ní, "Abigail, bá mi tẹ nọ́ńbà yẹn."

Ó mú fóònù rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló tẹ̀ ẹ́ kó tó wọlé. A ń gbọ́ ohùn bàbá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, a sì tún ń gbọ́ ọ nínú rédíò.

"Ọmọ mi ò purọ́. Èmi ni bàbá yẹn. Mo fọwọ́ kan ọ̀dà náà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ó lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Mo ṣì ní kó máa lọ."