Ẹ̀gbọ́n Mi Kò Dé Ṣáínà

Ẹsẹ̀ òsì ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fi ń gbá bọ́ọ̀lù. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo rò pé bí gbogbo ayé ṣe ń gbá a nìyẹn, torí òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí mo rí tó ń gbá bọ́ọ̀lù. Àkówọ́njò ní Èkó là ń gbé nígbà náà, yàrá kan ṣoṣo, nínú ilé tí ilẹ̀kùn dojú kọ ilẹ̀kùn. Bàbá wa ń ṣe iṣẹ́ káfíńtà ní Dópẹ́mú, Ìyá wa ń ta gaàrí ní Ṣáṣá. Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn méjèèjì ti wá. Ọmọ méjì péré ló yè fún wọn: ẹ̀gbọ́n mi, àti èmi tí mo dé nígbà tí wọ́n ti sọ̀rètí nù. Ẹ̀gbọ́n mi ti tó ẹni tó ń pọnmọ nígbà tí wọ́n bí mi. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo wà tí mo fi mọ àdúgbò wa.

Bàbá kò fẹ́ ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù yẹn rárá. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé tí kò bá ẹ̀gbọ́n mi nílé, yóò dúró sí ẹnu ọ̀nà, ayùn lọ́wọ́, yóò máa pariwo.

"Ọmọbìnrin wo ló ń fi itan hàn láàárín ọkùnrin? Ta ni yóò fẹ́ ẹ?"

Ìyá á ní, "Bàbá wọn, ẹ fi í sílẹ̀ jàre. Ó ti pọnmi, ó ti fọ aṣọ àbúrò ẹ̀. Eré ló ń ṣe, kò jalè."

Pápá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan wà lẹ́yìn ilé wa, iyanrìn ni gbogbo ẹ̀. Ibẹ̀ ló ti ń bá àwọn ọmọkùnrin gbá. Níbẹ̀rẹ̀, wọn kì í gbá bọ́ọ̀lù sí i. Nígbà tó yá, wọ́n ń jà lórí ẹgbẹ́ tí yóò wà. Tíṣà kan, ará Èkìtì, tó ń kọ́ni nílé-ìwé náà ló rí i tó sì mú un lọ sí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù obìnrin kan láàárín ìlú. Bọ́ọ̀tù tó kọ́kọ́ ní, òkìrìkà ni, ó tóbi jù ú lọ. Àkísà ló máa ń kì bọ iwájú ẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Bàbá gba ẹ̀gbẹ́ pápá kọjá nígbà tó ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́, ó sì dúró. Mo wà níbẹ̀, mo jókòó lórí òkúta, mo ń ṣọ́ sálúbàtà ẹ̀gbọ́n mi. Bọ́ọ̀lù bọ́ sí i lẹ́sẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ òsì, ó gbé e kọjá ẹni kan, ó gbé e kọjá ẹnì kejì, ó sì rọra tì í gba abẹ́ aṣọ́lé kọjá. Ọkùnrin kan tó ń wòran ké pé, "Ọmọ ta nìyí ná?" Bàbá kò pariwo lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó ní kí ẹ̀gbọ́n mi mú bọ́ọ̀tù yẹn wá. Àtẹ́lẹsẹ̀ ẹ̀ ti ń ya. Bàbá gbé e lé itan, ó fi gọ́ọ̀mù tó fi ń lẹ pákó lẹ̀ ẹ́, ó gbé òkúta lé e lórí kí ó lè lẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Láti ọjọ́ náà, a kò gbọ́ ọ̀rọ̀ itan mọ́.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni wọ́n pè é sí ikọ̀ àwọn obìnrin orílẹ̀-èdè wa. Ikọ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dìde ni nígbà náà. Bí a bá sọ ọ́ fún ará ilé wa, wọ́n á ní, "Obìnrin náà ní tiwọn?" Gbogbo ènìyàn ló mọ ikọ̀ àwọn ọkùnrin, ife tí wọ́n gbà ní Sùúrùlérè kò tíì kúrò lẹ́nu àwọn àgbà. Tàwọn obìnrin yìí, kò sẹ́ni tó kà á kún. Ṣùgbọ́n wọ́n ti na àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Áfíríkà, wọ́n sì fẹ́ lọ sí Ṣáínà, níbi tí àwọn obìnrin gbogbo àgbáyé yóò ti gbá Ife Àgbáyé tiwọn fún ìgbà àkọ́kọ́. Káńpù ni wọ́n ti máa yan àwọn tó máa lọ. Ìyá di gaàrí fún un, ó di kúlíkúlí, ó fi àdúrà lé e lórí. Èmi di ìró rẹ̀ mú títí dé ibi tó ti wọ ọkọ̀.

Mi ò mọ Ṣáínà. Mo rò pé ó wà lẹ́yìn Abẹ́òkúta.

Ìyá wa ṣubú lọ́jà Ṣáṣá ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, láàárín àpò gaàrí, bó ti ń wọn ọjà fún oníbàárà. Àwọn aláàárù ló gbé e wálé. Apá ọ̀tún rẹ̀ kò gbéra mọ́, ẹnu rẹ̀ sì wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bàbá fi í sọ́wọ́ àwọn ará ilé, ó lọ sí káńpù.

Bàbá sọ ìtàn ọjọ́ yẹn fún mi léraléra kí ó tó kú. Ó ní òun ti to ọ̀rọ̀ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, pé òun á kọ́kọ́ bi í bóyá ó ti jẹun. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi yọ lẹ́nu géètì, tí aṣọ aláwọ̀ ewé lẹ̀ mọ́ ọn lára fún òógùn, tó ń rẹ́rìn-ín bọ̀, gbogbo ọ̀rọ̀ náà sọnù.

"Bàbá, ẹ káàbọ̀ sà. Ṣé kò sí o?"

"Ìyá rẹ ṣubú."

"Ṣé wọ́n wà láyé?"

"Ó wà láyé. Ṣùgbọ́n apá kan kò ṣiṣẹ́. Kò lè sọ̀rọ̀ kó já geere."

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ẹ jẹ́ n lọ kó ẹrù mi."

Bàbá ní òun sọ fún un pé kó fi díẹ̀ sílẹ̀, pé ọjọ́ mélòó kan náà ni. Kò fi nǹkan kan sílẹ̀. Àpò tó gbé lọ náà ló gbé jáde, ó sì wọ ọkọ̀ ṣáájú Bàbá.

Ìyá kò dìde mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń yí i padà lórí ẹní kí ẹ̀yìn rẹ̀ má bàa dégbò. Tó bá ti ṣe ìyẹn tán lówùúrọ̀, á mú mi dé ilé-ìwé, á gba Ṣáṣá lọ. Ó jókòó síbi tí Ìyá jókòó sí, ó gbé kóńgò Ìyá, ó ń ta gaàrí.

Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí Ṣáínà. Rédíò la fi mọ̀. Wọ́n na àwọn tiwa nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́, wọ́n nà wọ́n ní èkejì, wọ́n nà wọ́n ní ẹ̀kẹta, wọ́n sì ń bọ̀ nílé. Lọ́jọ́ tí a gbọ́ ti ìkẹyìn, ará ilé wa kan yọjú sí yàrá, ó ní, "Ṣé a ò ti sọ? Obìnrin wo ló ń gbá bọ́ọ̀lù?" Ẹ̀gbọ́n mi ń fún Ìyá ní ògì lọ́wọ́. Kò gbójú sókè.

Ó ní, "Wọ́n ti dé ibẹ̀ ṣá."

Omi bọ́ lójú Ìyá, láti ojú kan ṣoṣo. Ẹ̀gbọ́n mi fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún, ó sì ń fún un ní ògì lọ.

Ọdún ń gorí ọdún. Ikọ̀ tí wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ wá di ọba Áfíríkà. Wọ́n gba ife, wọ́n tún gbà á, títí ó fi dà bíi pé ilé wọn ni wọ́n ti rọ ife náà. Nígbà tí àwòrán wọn bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lórí tẹlifíṣọ̀n, ẹ̀gbọ́n mi máa ń dúró ni, kì í jókòó. Ó máa ń nawọ́ sí àwọn kan tí wọ́n ṣì ń gbá a láti ayé tiwọn: "Èyí, èmi pẹ̀lú ẹ̀ la jọ sùn ní káńpù. Ó máa ń hanrun." Ní ọdún tí wọ́n lọ sí Amẹ́ríkà fún Ife Àgbáyé, àwọn Bràsíìlì ti fi góòlù mẹ́ta ṣáájú wọn, wọ́n dá gbogbo ẹ̀ padà, wọ́n tún wá pàdánù ní àfikún àkókò. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kò lọ sí Ṣáṣá. Ìgbà kan ṣoṣo tí mo rí i kó pa ọjà jẹ nìyẹn, yàtọ̀ sí ìgbà tí Ìyá kú.

Ìyá kú nígbà tí mo ń múra ìdánwò àṣejáde girama. Bàbá tẹ̀lé e lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi lọ́kọ nígbà tó ti pẹ́, kò bímọ, ọkọ rẹ̀ sì kú. Owó gaàrí yẹn ló fi rán mi lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni. Tíṣà ni mí lónìí, Igándò ni mo ń gbé pẹ̀lú ọkọ àti àwọn ọmọ mi. Nígbà tí jẹjẹrẹ ọmú mú un, tí ẹsẹ̀ kò gbé e dé ọjà mọ́, mo lọ mú un wá sọ́dọ̀ mi.

Ìdíje Áfíríkà tí wọ́n gbá ní Mòrókò bá a lórí ibùsùn. Lọ́jọ́ tí àwọn tiwa pàdé àwọn Gúúsù Áfíríkà kí wọ́n tó dé àṣekágbá, ó ní kí n gbé òun jókòó. Ìrọ̀lẹ́ ni, oòrùn ṣì ń wọlé láti ojú fèrèsé. Mo fi ìrọ̀rí tì í lẹ́yìn. Ọ̀mì ni, àkókò sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

"Ẹ gbé e sínú!" ló ń sọ, ohùn rẹ̀ kò ju ti ọmọdé lọ. "Ẹ gbé e sínú, ẹ má wojú ẹnikẹ́ni!"

Ọ̀kan nínú wọn gbá bọ́ọ̀lù gígùn kan láti ọ̀nà jíjìn, bọ́ọ̀lù ṣáà ń lọ, ó sì wọlé. Mo rí ẹsẹ̀ òsì ẹ̀gbọ́n mi tó ta pútú lábẹ́ aṣọ ìbora. Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un.

Mo ní, "Àǹtí, ẹ rọra o. Àṣekágbá ṣì ń bọ̀ ní Sátidé."

"Wọ́n á gbà á," ó ní. "Èmi ò sí níbẹ̀ rí, wọ́n sì ń gbà á."

Ó jáde láyé ní àárọ̀ Jímọ̀, bí wọ́n ṣe ń kírun àsùbáà tán. Wọ́n sin ín lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ọjọ́ náà.

Ní Sátidé, kò sẹ́ni tó tan tẹlifíṣọ̀n nílé wa. A gbọ́ ariwo àdúgbò, mi ò béèrè. Ní òwúrọ̀ Sọ́ńdè, obìnrin kan wọlé láti Ìkòtún, ó ga, ó ti ń tiro. Mo mọ̀ ọ́n lójú. Òun ni aṣọ́lé ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tí ẹ̀gbọ́n mi wà kí wọ́n tó pè wọ́n sí káńpù, àwọn méjèèjì ni wọ́n sì jọ lọ. Ó bá mi dárò, ó jókòó, ó ń fi ọwọ́ pa etí ìborùn rẹ̀.

"Mi ò mọ̀ bóyá ó yẹ kí n sọ ọ́ nílé ọ̀fọ̀."

"Ẹ sọ ọ́, mà."

"Wọ́n gbà á. Mòrókò ló kọ́kọ́ jẹ góòlù méjì. Mo ti pa tẹlifíṣọ̀n mi, mo ti wọ yàrá. Ìgbà tí mo gbọ́ igbe ni mo tún jáde. Mẹ́ta ni àwọn tiwa jẹ, ọmọ mi! Mẹ́ta! Ìkẹwàá tí wọ́n máa gbà nìyẹn."

Ó bú sẹ́kún. Èmi náà sunkún. Nígbà tó nu ojú tán, ó ní, "Ṣé ó sọ fún ẹ pé wọ́n tún ranṣẹ́ pè é pé kó padà wá gbá bọ́ọ̀lù?"

Mo ní rárá.

"Lẹ́yìn tí Ìyá yín kú. Èmi fúnra mi ni kóòṣì wa àtijọ́ rán sí i ní Ṣáṣá. Mo ní, 'Ìyá ti lọ, kí lo tún ń dúró dè? Ara rẹ ṣì ń ta, wá.' Ó ń wọn gaàrí fún ẹnì kan. Ó wọ̀n ọ́n tán kó tó dá mi lóhùn. Ó ní, 'Àbúrò mi fẹ́ ṣe ìdánwò. Tí mo bá lọ, ta ni yóò jókòó síbí?' Mo bínú sí i, mi ò yọjú sí i fún ọdún kan gbáko. Mo rò pé o mọ̀."

Mi ò mọ̀. Ní gbogbo ọdún tí a jọ gbé, kò sọ ọ́ rí, bẹ́ẹ̀ ni ojú rẹ̀ kò sọ ọ́. Mo rántí ìdánwò yẹn. Mo rántí pé ó máa ń jí mi, á fún mi lẹ́kọ, á sì jókòó tì mí títí n ó fi kàwé tán. Mo fẹ́ bi í ní ìbéèrè kan, ẹnu mi ti yà kí n tó rántí pé mi ò ní rí i bi mọ́.

Nígbà tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ fẹ́ máa lọ, mo sìn ín dé ibi tí wọ́n ti ń wọ kẹ̀kẹ́. Títì Igándò kún fún àwọn ènìyàn tó wọ aṣọ aláwọ̀ ewé, àwọn kan ń fun fèrè. Obìnrin kan tó ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀ rí wa, ó ju ọwọ́ sókè, ó ní, "Ẹ kú oríire o! Àwọn obìnrin wa ti ṣe é!"

Ọ̀rẹ́ ẹ̀gbọ́n mi ló dá a lóhùn. Ó ní, "Oríire á kárí o." Ó wọ kẹ̀kẹ́, ó ń di etí ìborùn rẹ̀ mú.

Mo padà sílé. Àwọn ààfáà ti dé fún àdúrà ọjọ́ kẹta, wọ́n sì ń béèrè pé ẹní tí wọ́n máa jókòó lé dà.