Ọjọ́ Tí Bàbá Òwú Bẹ Ewé Pé Kó Ṣàìsàn

Bí wọ́n bá dárúkọ olóògbé Bàbá Òwú níbi iṣẹ́ ìwádìí ọ̀gbìn, ọjọ́ tó jókòó dí ẹnu ọ̀nà ilé onígíláàsì tó ń gbin òwú sí ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń rántí. Ọ̀gá àgbà mú òṣìṣẹ́ méjì wá láti fa àwọn ọmọ òwú rẹ̀ tu, kí wọ́n lè gbin tòmátì síbẹ̀.

"Bàbá, ẹ dìde."

"Ẹ rọra sọ̀rọ̀, ọ̀gá. Àwọn ọmọ òwú mi ti fẹ́ máa ṣàìsàn."

Kò parọ́. Ó ti mú fáírọ́ọ̀sì kan, kòkòrò àìfojúrí tó ń mú ewéko ṣàìsàn ṣùgbọ́n tí kò lè pa òwú, ó sì ki ègé jíìnì òwú kan, ìyẹn àṣẹ àbínibí tó ń fún ewé ní àwọ̀, sínú rẹ̀. Bí òwú bá ń bá fáírọ́ọ̀sì náà jà, yóò pa jíìnì tirẹ̀ tó jọ ègé náà lẹ́nu mọ́ pẹ̀lú, ewé tuntun yóò sì yọ ní funfun. Bó bá ṣẹ, Bàbá lè máa pa àwọn jíìnì yòókù lẹ́nu mọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí yóò fi mọ èyí tó ń ran òwú lọ́wọ́ nígbà ọ̀dá. Bí kò bá ṣẹ, iṣẹ́ tó fi ayé rẹ̀ ṣe dòfo nìyẹn.

"Ẹ fún mi di ọ̀la."

"Rárá."

"Di ìrọ̀lẹ́ ńkọ́?"

"Bàbá, ṣé ọjà la wà ni?"

"Ó dáa, di ọ̀sán. Ó tán."

Ọ̀gá gbà kó tó mọ̀ pé òun ti gbà.

Ooru kì í jẹ́ kí jíìnì náà dákẹ́ dáadáa, ni Bàbá bá gbé fáànù yàrá ìyàwó rẹ̀ wá fún òwú. Kí ọ̀sán tó pé, ìyàwó fi ìbínú dé.

"Baba àwọn ọmọ, èmi lẹ fẹ́ àbí òwú?"

"Ìwọ ni. Ṣùgbọ́n òwú ò lẹ́nu tó máa fi sọ pé ooru ń mú òun."

Àwọn òṣìṣẹ́ fẹ́ rẹ́rìn-ín, ojú ọ̀gá ò jẹ́. Bàbá kúnlẹ̀ láàárín àwọn ìkòkò òwú. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ṣàìsàn díẹ̀." Ewé kankan ò dá a lóhùn. Ọ̀sán pé. Òṣìṣẹ́ kan di ìkòkò àkọ́kọ́ mú.

Ìyàwó tó ń yọ wáyà fáànù rẹ̀ ló pariwo: "Ẹ gba fáànù lọ́wọ́ mi, ẹ ò tún tọ́jú wọn! Ẹ wo eléyìí bó ṣe funfun!"

Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ewé náà ò tíì tó èékánná, ṣùgbọ́n ó funfun báláú. Ó wò ó pẹ́, ó ní kí òṣìṣẹ́ gbé ìkòkò náà sílẹ̀. Bàbá fẹ́ fọ́nnu, ẹkún ló bú sí. Ìyàwó rẹ̀ ń fi etí aṣọ nù ún lójú, ó sì ń bú u lọ.

Bàbá kò pẹ́ láyé tó láti rí òwú tí ọ̀dá ò lè pa. Wọ́n ṣì ń wá irú òwú bẹ́ẹ̀ nínú ilé onígíláàsì yẹn, iṣẹ́ sì ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Bí wọ́n bá sọ ìtàn yìí, ọ̀gá máa ń rẹ́rìn-ín títí.

"Àárò rẹ̀ ń sọ mí," ló máa ń wí. "Kò sẹ́ni tó ń bá mi jiyàn mọ́."