Irin Tí Wọ́n Gbé Bí Òkú

Màmá mi ní òun ò lọ sí Kasoa. "Bí àjà bá fẹ́ wó, kó wó. Ẹni tí àjà wó lù, ẹ̀ẹ̀kan ló máa kú. Ẹni tó bá ń gbé lọ́dọ̀ ìyàwó ọmọ rẹ̀, ojoojúmọ́ ni."

Kasoa ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń gbé pẹ̀lú ìyàwó tí à ń sọ yìí. Àjà tó fẹ́ wó ni ti yàrá Màmá ní Lagos Town, àdúgbò àwa Yorùbá ẹ̀yìn odi níbí, nínú ilé tí bàbá bàbá wa kọ́. Àwọn ayálégbé wà lókè. Igi tó gbé wọn dúró ti jẹrà, ó sì ti yọ ikùn bí ọ̀gá ọlọ́pàá. Wẹ́dà tó wá wò ó ní ká fi irin gbọọrọ kan gbé e ró láti ògiri dé ògiri. A ra irin náà, ọkọ̀ sì já a sí etí títì, torí pé ọ̀nà tó wọ ilé wa, ènìyàn méjì péré ló lè rìn ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn níbẹ̀, tí wọn ò bá bára wọn jà.

Ẹ̀gbọ́n mi wo irin náà, ó mi orí. "Mo ti ṣírò rẹ̀. Ó lé ní tọ́ọ̀nù méjì. Kíréènì nìkan ló lè gbé e, kíréènì ò sì lè wọ ibí. Tí irin yìí ò bá tíì wà lókè lọ́jọ́ Àìkú, mò ń bọ̀ wá kó Màmá."

Iṣẹ́ ìròyìn ti kọ́ mi pé kí n má gba ohun tí ẹnì kan ṣoṣo bá sọ. Mo pe àbúrò wa obìnrin, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò nílé ẹ̀kọ́ gírámà. Ó mú téèpù dání wá. Ó wọn ìbú, ó wọn gíga, ó wọn bí irin ṣe nípọn tó.

"Bọ̀dá mi, báwo lẹ ṣe ṣírò tiyín?"

"Gígùn, ìbú, gíga. Mo sọ wọ́n di púpọ̀."

"Bíi búrẹ́dì."

"Kí ló burú níbẹ̀?"

"Ẹ ti wọn afẹ́fẹ́ mọ́ ọn, sà."

Ó wá ṣàlàyé fún gbogbo wa, títí kan àwọn tí kò bi í. Irin yìí kì í ṣe odindi. Irin pẹlẹbẹ mẹ́ta ló so mọ́ra wọn: ọ̀kan dùbúlẹ̀ lókè, ọ̀kan dùbúlẹ̀ nísàlẹ̀, ẹ̀kẹta dúró láàárín wọn. Irin pẹlẹbẹ tó gùn ní mítà kan, tó fẹ̀ ní mítà kan, tí kò nípọn ju mílímítà kan lọ, kílò mẹ́jọ ni, ó dín fíntín. Torí náà, mú ìbú ọ̀kọ̀ọ̀kan, fi mítà mẹ́fà tí irin wa gùn sọ ọ́ di púpọ̀, fi bó ṣe nípọn tó ní mílímítà sọ ọ́ di púpọ̀, kó o wá fi mẹ́jọ parí rẹ̀.

"Èyí tó dùbúlẹ̀ lé díẹ̀ ní àádọ́rin kílò, méjì sì ni. Èyí tó dúró lé díẹ̀ ní àádọ́rùn-ún. Àpapọ̀ wọn ò pé òjìlúgba kílò. Ọkùnrin mẹ́jọ ti tó. Ohun tó máa kan ẹnì kọ̀ọ̀kan ò ju àpò ìrẹsì kan, oníkílò márùndínlọ́gbọ̀n, àti díẹ̀ lọ."

"Ẹ gbọ́ o," ni Màmá wí. "Ìrẹsì."

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, Alfa àdúgbò wa kó àwọn ọkùnrin rẹ̀ wá. Ó tò wọ́n bó ṣe ń tò wọ́n níbi gbogbo: àwọn Alhaji àgbà síwájú, àwọn ọ̀dọ́ sẹ́yìn. Alápatà kan láti Nima, tó ga bí òpó iná, bọ́ sí àárín. Wọ́n ní "Bísímílláhì", irin gòkè, ó jókòó sí èjìká wọn.

Ẹnikẹ́ni ò rántí pé òkú nìkan ni àwọn ènìyàn yìí ti jọ fi èjìká gbé rí. Bí wọ́n bá sì ń gbé òkú lọ sí itẹ́, gbogbo ènìyàn ló ń fẹ́ fi èjìká kàn án kí láádá tí Ọlọ́run ń san má baà fò wọ́n dá. Irin náà ò tíì rìn jìnnà tí ẹnì kan fi fọwọ́ kan Alhaji iwájú. "Ẹ jẹ́ kí n gbà á lọ́wọ́ yín, Bàbá." Bàbá yọ èjìká, ó rìn lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Òmíràn gbà á, òmíràn tún gbà á. Àwọn tó kúrú ń rìn lábẹ́ irin, èjìká wọn ò kàn án, ẹnu wọn ń mì. Ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ "Lá ìláhà", gbogbo wọn gbè é.

Obìnrin tó ń ta wáákyé, ìrẹsì àti ẹ̀wà, létí títì da aṣọ borí, ó fi Twi bi mí pé ta ló kú.

"Kò sẹ́ni tó kú," ni mo wí.

"Kò tíì sí!" Alápatà ló pariwo lábẹ́ irin. "Haba, Màlámù! Ẹ̀yin àgbà iwájú yìí, ẹ ń gbé e ni àbí ẹ ń sin ín lọ? Ta ló ní àpò ìrẹsì kan? Odindi màálù ló wà lọ́rùn mi yìí!"

"Ẹ gbé e sílẹ̀!" ni àbúrò mi kígbe. Wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ gbì, ẹsẹ̀ Alfa sì yọ níbẹ̀ díẹ̀ báyìí.

Ẹ̀gbọ́n mi, tó ti Kasoa wá wòran, ò tilẹ̀ yọwọ́ lápò. "Mo sọ, àbí mi ò sọ? Màmá, ẹ lọ máa palẹ̀ mọ́."

Màmá yí ẹ̀yìn padà. Ó wọ yàrá. Nígbà tí mo yọjú, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń ká ìró rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Mo jáde padà. Alápatà ń fi ọwọ́ ra ọrùn. "Ṣírò rẹ dáa, Tíṣà," ló sọ fún àbúrò mi. "Àwọn èjìká yìí ni ò dọ́gba."

"Báwo lẹ ṣe ń gbé màálù yín?"

"Okùn. A ó fi okùn so ó, a ó fi igi há okùn, ènìyàn méjì á gbé igi. Ẹni tó ga pẹ̀lú ẹni tó ga, kúkúrú pẹ̀lú kúkúrú. Àwọn tó ga, okùn wọn la máa ń fà gùn."

"Igi mẹ́rin nìyẹn. Ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ gbà á lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni."

Ìkùnsínú ti bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn àgbà. Alhaji wo ló máa wà lẹ́yìn ọmọ tó bí? Alápatà tún rí ọ̀nà sí i. "Alfa, ẹ̀yin àti àwọn àgbà ni kẹ́ ẹ ṣíwájú. Ẹ má gbé nǹkan kan. Ẹ máa bá wa lé ewúrẹ́."

Alfa rò ó wò, ó sì dùn mọ́ ọn. Wọ́n wọlé báyẹn: àwọn àgbà níwájú, wọ́n káwọ́ sẹ́yìn, wọ́n ń bú ewúrẹ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, irin sì ń fì bọ̀ lẹ́yìn wọn. Ọjọ́ kejì, wẹ́dà àti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ gbé e sí ipò rẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú, ẹ̀gbọ́n mi dé pẹ̀lú páálí òfìfo. Màmá jókòó sí àárín yàrá, lábẹ́ irin gan-an, ó ń jẹ kẹ̀ńkẹ́ àti ẹja. Ẹ̀gbọ́n mi na ọwọ́, ó fi ìka kan irin náà kó kó kó.

"Ó dúró?"

"Bi í."

Ó dúró sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú páálí rẹ̀. Màmá fi ẹsẹ̀ ti àpótí kan sí i. "Jókòó jẹun. Ibí yìí ni o, lábẹ́ irin. Kì í ṣe ẹnu ọ̀nà."

Ó jókòó. Bó bá ti fi òkèlè kan sẹ́nu, á wo àjà kó tó gbé e mì.