Bí Mutallib Alápatà Ṣe Dúńbú Olórí Àwọn Eléèpo

Ẹni tó bá ti ra ẹran tútù ní Ọjà Ọba, Adó-Èkìtì, yóò ti jẹ nínú iṣẹ́ ọwọ́ Mutallib ọmọ Jùbrílù. Bàbá rẹ̀ fi iṣẹ́ alápatà lé e lọ́wọ́ pẹ̀lú òfin kan: ẹran kò gbọdọ̀ rí ọ̀bẹ kí ọ̀bẹ tó dé ọrùn rẹ̀. Ẹ̀yìn ògiri ni Jùbrílù ti ń pọ́n tirẹ̀.

Nígbà tí àwọn arìnràwọ̀ kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ sáyé, ìgbọ́nú bá wọn wá. Agbára yìí kì í ṣe ti ẹ̀yà kan ṣoṣo. Gbogbo ẹ̀dá tó ń rìn láti ìràwọ̀ dé ìràwọ̀ ló jọ ni ín, ẹni tó bá sì wà nítòsí wọn a kó o bí ẹni kó ọ̀fìnkìn. Kò pẹ́ tí ènìyàn fi ń gbọ́ èrò ọkàn ẹnìkejì láìlanu. Màlúù pàápàá ń gbọ́. Èyí tó bá gbọ́ ọ̀bẹ lọ́kàn apani rẹ̀ kì í dúró: ọ̀kan fi ìwo la ikùn Adébíyìí, ẹlẹgbẹ́ Mutallib, ìfun rẹ̀ sì tú sílẹ̀ lójú ọjà. Mutallib wá kọ́ bí a ṣe ń fi ọ̀bẹ pamọ́ sínú ọkàn. Bí ó bá ń súnmọ́ ẹran, koríko tútù ni ó ń rò, omi odò ni ó ń rò, títí ẹ̀jẹ̀ yóò fi tú jáde.

Nínú àwọn arìnràwọ̀, àwọn Eléèpo ló rorò jù. Awọ ara wọn dàbí èèpo ìrókò, apá wọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì mú bí àdá. Ohun tó bá dun ọ̀kan nínú wọn, gbogbo wọn ló ń dùn. Ẹrú ni wọ́n ń wá kiri. Wọ́n balẹ̀ sí Ìjàn-Èkìtì, wọ́n kó obìnrin àti ọmọdé sínú ọgbà ilé-ìwé kan. Hafsoh, ọmọ kan ṣoṣo tí Mutallib bí, tó lọ ra iṣu níbẹ̀, wà lára wọn.

Àwọn ọdẹ Ìjàn gbé ìbọn. Kí wọ́n tó yìn ín ni àwọn Eléèpo ti gbọ́ ọ lọ́kàn wọn, wọ́n sì gé wọn bí igi ìdáná. Orí Ọlálérè, olórí ọdẹ, yí gbirigbiri dé ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀.

Àwọn Eléèpo wá pàṣẹ pé kí wọ́n wá alápatà tó mọṣẹ́ wá, kí àwọn lè jẹun kí àwọn tó kó ẹrú lọ. Ẹran tó bá kú pẹ̀lú ìpayà a máa korò lẹ́nu wọn. Mutallib ni gbogbo ènìyàn dárúkọ.

"Bàbá Hafsoh," ni Mùínátù ìyàwó rẹ̀ wí, "ẹ fẹ́ lọ se àsè fún àwọn tó jí ọmọ wa gbé?"

"Wọ́n ní kí n wá."

"Kí lẹ ní lọ́kàn?"

Mùínátù fi ìgbọ́nú wá inú rẹ̀ wò. Koríko ló bá níbẹ̀. Ó tutọ́ sílẹ̀. "Kí wọ́n kúkú mú yín lẹ́rú náà! Ẹ ti gbọràn kí wọ́n tó dè yín!"

Ní Ìjàn, nínú ọgbà ilé-ìwé náà, orí tábìlì ni olórí àwọn Eléèpo jókòó sí. Ó ti gba ohùn Èkìtì lọ́kàn àwọn ọdẹ tó pa.

"Alápatà, wọ ulé, má sá!" Ó yẹ inú Mutallib wò, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ gbọ́, ẹ̀yin ará mi! Inú bàbá yìí ò yàtọ̀ sí ti màlúù!"

Mutallib dúńbú màlúù tí wọ́n so sílẹ̀ fún un, ó kú láìjanpata. Olórí náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti gbóòórùn ẹ̀jẹ̀, èèpo ọrùn rẹ̀ sì là díẹ̀ lábẹ́ àgbọ̀n. Odò ṣì ń ṣàn lọ́kàn Mutallib nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ lọ. Kò ṣe bìsìmílàhì, nítorí ẹran jíjẹ ni à ń ṣe é sí. Ọ̀bẹ wọlé dé èkù. Ẹ̀jẹ̀ dúdú tó gbóná bí epo orí iná tú lù ú lójú, ó bó o láwọ. Gbogbo Eléèpo yòókù, kálukú di ọrùn tirẹ̀ mú. Wọ́n ń ta gìrìgìrì, wọ́n ń fi apá gé ara wọn. Àwọn obìnrin já ilẹ̀kùn, wọ́n fi ọmọ odó fọ́ orí èyí tó ṣì ń mí.

Mutallib sáré bá ọmọ rẹ̀. Hafsoh fà sẹ́yìn.

"Bàbá mi, nígbà tí ẹ wọlé, mo wá ara mi nínú ọkàn yín. Mo wá a títí. N kò sí níbẹ̀."

"Bí mo bá ti ronú kàn ọ́, wọn ì bá gbọ́ ọ."

"Mo mọ̀, sà. Ẹ ṣeun." Omi bọ́ lójú rẹ̀. "Ṣùgbọ́n mo ti gbà pé n óò kú, ẹ̀yin nìkan ni mo sì ń ké pè."

Hafsoh ti di aránṣọ ní àdúgbò Òkè-Ìlá báyìí. Ó ń gbé oúnjẹ wá fún bàbá rẹ̀ ní ọjọ́ Jímọ̀, ó ń kúnlẹ̀ kí i, ó ń bá a sọ̀rọ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n ẹnu nìkan ló fi ń sọ ọ́. Mutallib ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, nítorí koríko kò wá sọ́kàn rẹ̀ mọ́. Orúkọ ọmọ rẹ̀ ni ó gba ibẹ̀ kan. Àwọn tó ń kọjá níwájú ilé ń gbọ́ ọ, àwọn ewúrẹ́ àdúgbò ń gbọ́ ọ. Bí Hafsoh bá ti yọ lókèèrè, ọmọ náà yóò ti ọkàn tirẹ̀ pa kí ó tó dé ẹnu ọ̀nà.