Aṣọ Ìyá Wa àti Ọ̀rọ̀ Tí Kò Sí Níbẹ̀

Ọjọ́ tí fóònù ká irọ́ mọ́ mi lẹ́nu ni n kò lè gbàgbé. Mo ń kọ́ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì nípa bí ọpọlọ ṣe ń rántí nǹkan. Fóònù kọ ọ̀rọ̀ méjìlá síwájú mi: ibùsùn, ìrọ̀rí, ẹní, àlá àti irú wọn. Ó pa wọ́n rẹ́, ó bi mí bóyá mo rí “oorun” níbẹ̀. Mo ní mo rí i, mo lè fi ilẹ̀ búra. Fóònù tún kó ọ̀rọ̀ méjèèjìlá jáde: “oorun” kò sí níbẹ̀ rárá!

Báyìí náà ni mo ṣe búra lọ́dún tó kọjá pé mo rí Àfí, àbúrò mi, tó ń jí aṣọ ìyá wa, tó fi bínú kó lọ sí àdúgbò Agbonou.

Mo gun alùpùpù zémì lọ bá a. Èmi ẹ̀gbọ́n kúnlẹ̀ fún àbúrò.

Ó bú sẹ́kún. “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dìde. Bí ẹ ṣe búra yẹn, èmi fúnra mi ti ń rò pé mo jí i.”